Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Ẹ Má Fọwọ́ Kan Orúkọ Ìdílé

Amechi Awkunanaw wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Enugu, ní apá ibi tí ìgboro Enugu ti ń nasẹ̀ lọ. Orúkọ ìlú náà kò ṣàjèjì létí Yorùbá, nítorí ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ irú rẹ̀ lára ènìyàn. Chibuike Rótìmí Amaechi, ọmọ Ikwerre láti Ubima, ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers láti 2007 sí 2015. Ẹ tú orúkọ yẹn wò. Chibuike: Ọlọ́run ni agbára. Rótìmí: tiwa ni, a kò nílò ògbufọ̀. Amaechi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò yóò sọ fún yín pé ìbéèrè ni, pé ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń wí pé ta ló mọ ọ̀la? Àgbà mìíràn yóò ní rárá, àdúrà ni. Ìkékúrú Amaechina ni: kí agboolé wa má ṣe pa, kí ojúde wa má ṣe tì. Lẹ́tà kan náà ni lórí ìwé, ohùn ló yà wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ ń wo ọjọ́ iwájú pẹ̀lú ìbẹ̀rù àti ìrètí. Ẹni kejì ń bẹ̀bẹ̀ fún ilé tí ọmọ kò pọ̀ níbẹ̀ mọ́. Kò sí káàdì ìdánimọ̀ tó lè sọ èyí tí í ṣe, àfi ilé tí wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ.

Tiwa náà kò yàtọ̀. Kọ “Ola” sílẹ̀ láìfi àmì sí i, kí o wá bi mí: ọlá ni, ọlà ni, àbí ọ̀la gan-an, èyí tí Ìgbò ń pè ní echi? Ugwu, ọ̀kan nínú orúkọ tó wọ́pọ̀ jù láti Enugu dé Nsukka, lè jẹ́ òkè, ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀, bí ohùn bá ṣe lọ. Enugu fúnra rẹ̀, Enu Ugwu ni, orí òkè. Orí òkè Ngwo ni wọ́n ti mú orúkọ náà sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n fi pe ìlú tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn yìí lè gbé Enugu títí kó má mọ ìdí tí ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè fi ń jẹ́ orí òkè.

A bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn yìí nítorí ẹjọ́ tí a fẹ́ dá kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Àṣà kan ti gbòde láàárín àwa àti àwọn ará wa ní ìlà-oòrùn: pípa orúkọ ìdílé rẹ́ nítorí pé orúkọ òrìṣà tàbí irúnmọlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìdájọ́ wa ni pé kò tọ́, kí a sì dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ẹ ṣí ìwé ìròyìn èyíkéyìí tó ń gba ìpolówó ayípadà orúkọ. Gbólóhùn inú rẹ̀ kì í yàtọ̀: èmi tí a ń pè ní lágbájá tẹ́lẹ̀, láti òní lọ, tàmẹ̀dù ni kí a máa pè mí, gbogbo ìwé ẹ̀rí mi àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí gbogbo ará ìlú ṣàkíyèsí. Wọ́n ti búra ní kóòtù kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Àwọn kan nínú wọn relé ọkọ ni, àwọn kan ń tún àṣìkọ akọ̀wé ṣe. A kò bá àwọn wọ̀nyẹn ṣẹjọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn tí Fá, Ògún, Ṣàngó, Ọ̀ṣun tàbí Èṣù kúrò níwájú orúkọ wọn, tí Olú tàbí Jésù sì gba ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìgbò, Ani tí í ṣe ilẹ̀, Agwu tó ni iṣẹ́ díbíà, oníṣègùn wọn, àti Njoku tó ni iṣu ló ń jáde. Chukwu ló ń wọlé. Ìdí tí wọ́n sábà ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: wòlíì ti rí i, pásítọ̀ ti gbọ́ ọ nínú ẹ̀mí, pé orúkọ náà ló ń dí ọ̀nà. Ọkọ kò dé, ọmọ kò wá, iṣẹ́ kò dúró. Ẹni tí omi ń gbé lọ kò jẹ̀bi bó bá di koríko mú. Ẹni tó dúró létí odò tó ní koríko ni ọkọ̀ ojú omi ni a ń bá wí.

Kí ni a ń pàdánù? Ẹ jẹ́ kí a fi ojú rí i. Ilé mẹ́ta wà ládùúgbò kan: ilé Fágbèmí, ilé Ògúngbèmí, ilé Ṣàngógbèmí. Bí ọmọ àlejò bá dé ibẹ̀, kò ní béèrè kó tó mọ̀ pé babaláwo ló tẹ àkọ́kọ́ dó, pé alágbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ ni ti èkejì, pé ẹ̀kẹta ń wárí fún Ṣàngó. Lọ́jọ́ tí gbogbo wọn bá di Olúgbèmí, ilé mẹ́ta tí ìtàn wọn kò pàdé rí ti di ilé kan lórí ìwé. Kò sí ẹni tó sọ pé Olúgbèmí kò dára. Orúkọ tó dára ni, ẹni tí wọ́n bá bí sínú rẹ̀ kí ó máa jẹ́ ẹ lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá gbogbo ilé mu kò lè júwe ilé kankan. Bákan náà ni ní Enugu: kí Ani, Nwani àti Nwagwu di Nwachukwu lọ́sàn-án kan ṣoṣo, ta ni yóò mọ èyí tó ń tọ́jú ojúbọ ilẹ̀ àti èyí tó ń gbé àpò ewé kiri nínú àwọn bàbá ńlá wọn?

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọn kò ní wòlíì là ń wò.

Ọ̀nà tí orúkọ ìdílé gbà débi tó wà lónìí yẹ kí ó jẹ́ kí a túbọ̀ ṣọ́ra. Kí ìwé tó dé, orúkọ ìdílé tí kì í yí padà láti ìran dé ìran kò sí nílẹ̀ Yorùbá, kò sì sí nílẹ̀ Ìgbò. Ọmọ ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, a sì ń pè é ní ọmọ lágbájá. Ilé ẹ̀kọ́ dé, ilé ìjọsìn dé, iṣẹ́ ìjọba dé. Wọ́n rí èédú ní agbègbè Enugu ní 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, ojú irin láti Port Harcourt sì débẹ̀ ní 1916. Ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin wọ iṣẹ́, akọ̀wé sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó lè sanwó. “Kí lorúkọ bàbá ẹ?” Ohun tí ọkùnrin náà dáhùn lọ́jọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ títí di òní. Bó ṣe rí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta àti ní Ìjẹ̀bú náà nìyẹn.

Fún ìdí yìí, orúkọ tí a ń pè ní ti ìdílé, orúkọ ẹnì kan ni. Ẹnì kan pàtó ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pàtó, nítorí ohun kan pàtó. Ẹ gbé ti ọjọ́ ọjà Ìgbò yẹ̀ wò, nítorí kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló ń yí po: Eke, Orie, Afọ, Nkwọ. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Eke ni Okeke tàbí Nweke. Ti Orie ni Okorie tàbí Nworie, tí àwọn mìíràn ń pè ní Okoye. Ti Afọ ni Okafọ tàbí Nwafọ. Ti Nkwọ ni Okonkwọ tàbí Nwankwọ. Obìnrin ń jẹ́ Mgbeke, Mgborie, Mgbafọ. Títí di òní ọjọ́ náà ṣì wà lára àwọn ọjà Enugu: Orie Emene, Nkwo Nike. Ọmọ kan lè wà tí wọ́n bí sí ọsibítù l'Ékòó lọ́jọ́ Eke, kó máa jẹ́ Okonkwọ. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí tirẹ̀ ló ń gbé kiri, ti bàbá ńlá rẹ̀ ni. Bàbá ńlá náà kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kankan yàtọ̀ sí èyí. Àwa náà ní Abíọ́dún, Abíọ́nà àti Abọ́sẹ̀dé, a mọ bí nǹkan ṣe ń rí.

Ohun tó sì dùn wá jù ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí Mgbeke. Ní ìlú ńlá lónìí, èébú ni. Wọ́n ń fi pe ọmọbìnrin tí wọ́n rò pé kò lajú, tó wọ aṣọ tí kò bóde mu, tó sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará oko. Àwọn Yorùbá tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ń lò ó pẹ̀lú. Obìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Eke ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ẹnì kan ni. A kò gbọdọ̀ rò pé àwa mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí a mọ ìgbà tí ọmọbìnrin ilé ìwé ń fi oríkì rẹ̀ pamọ́, tí Àṣàkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ orúkọ tí a ń fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́ nínú kíláàsì. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé e padà bọ̀. Olórin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Asake, orúkọ ìyá rẹ̀ ló mú gun orí ìtàgé.

Orúkọ kan tún wà tí wòlíì máa ń tètè dojú kọ: èyí tí ikú wà nínú rẹ̀. Kúkọ̀yí, Ikúforíjì, Málọmọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ Ìgbò, Ọnwụbiko, tó ń bẹ ikú pé jọ̀ọ́. Ọzọemena, kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní májẹ̀mú ikú ni, kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohùn òbí tó ti sin ọmọ ni. Ẹni tó sin mẹ́ta, tí ẹ̀kẹrin wá dúró, kò ní ìwé tí yóò kọ ọ̀fọ̀ rẹ̀ sí ju ara ọmọ tó kù lọ. Ohun tí a ń pè ní àbíkú, tí Ìgbò ń pè ní ọgbanje, àwọn dókítà ti fi yé wa pé àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, sickle cell, wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìdílé tó bá ní irú orúkọ yìí lè ní ẹ̀rí kan lọ́wọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ara wọn, ẹ̀rí tó ti wà kí ilé àyẹ̀wò tó dé. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ilé bẹ́ẹ̀, tàbí tí í ṣe ọmọ ilé náà fúnra rẹ̀, kí ó tètè lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù. Ẹni tó bá pa orúkọ náà rẹ́ kò pa àrùn náà rẹ́. Ó kàn mú àmì kúrò lójú ọ̀nà ni.

Ṣé ẹ̀sìn ló wá ní kí a ṣe èyí? Ìtàn kò gbè é lẹ́yìn. Ní 1887, ọmọlẹ́yìn Kristi kan tí wọ́n bí ní Guyana sínú ìdílé Yorùbá bọ́ orúkọ William James Davies sílẹ̀ ní Sierra Leone. Orúkọ tó mú dípò rẹ̀ ni Orishatukeh Faduma. Ẹ fetí sí i: Òrìṣà níwájú, Ifá lẹ́yìn. Ó sì jẹ́ orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí oníwàásù títí ó fi kú ní Amẹ́ríkà ní 1946. Ní 1894, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi l'Ékòó, David Brown Vincent, tó wà lára àwọn tó dá Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní 1888, di Mójọlá Agbébi. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí mọ Bíbélì. Wọn kò bẹ̀rù lẹ́tà díẹ̀ tó wà níwájú orúkọ. Nnamdi Azikiwe náà jẹ́ Benjamin nígbà kan rí kó tó jù ú nù, ó sì di Nnamdi mú: bàbá mi ń bẹ láàyè, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Bàbátúndé wa.

Lẹ́yìn wọn, Daniel Fágúnwà, olùkọ́ ilé ìwé ìjọ, tẹ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní èdè wa jáde ní 1938, Ifá sì wà lórí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú orúkọ òǹkọ̀wé. Gàní Fáwẹ̀hìnmi, agbẹjọ́rò tí kò bẹ̀rù ológun, Mùsùlùmí ni. Lamidi Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Mùsùlùmí ni. Bàbátúndé Fáṣọlá tó ṣe gómìnà Èkó láti 2007 sí 2015, Mùsùlùmí ni. Ọ̀pọ̀ onílù tí wọ́n ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ló ṣì ń jẹ́ Àyàn. Ta nínú wọn ni orúkọ dí lọ́nà?

Wọ́n á bi wá pé ṣé ènìyàn kò lómìnira láti jẹ́ ohun tó wù ú ni. Ó ní i. Orúkọ tí wọ́n fún ọ nìkan, tìẹ ni. Bí o bá di Mùsùlùmí tàbí Kristẹni tí o fi òmíràn kún un, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá ọ dúró. Bí orúkọ ìdílé bá jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn fi bú bàbá ńlá rẹ, tàbí tó ń tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí ẹrú tàbí ẹni ìtanù, bọ́ ọ sílẹ̀, a ó bá ọ yọ̀. Àmọ́ orúkọ ìdílé tó kù, ìwọ nìkan kọ́ ló ni ín. Àwọn tó ti kú ni ín, àwọn tí a kò tíì bí ni ín, ìbátan rẹ tó wà ní ìlú òkèèrè tó ń wá ọ pẹ̀lú orúkọ yẹn náà ni ín. Ohun tí gbogbo ilé jọ ni, ẹnì kan kì í dá a tà.

Ẹ wo Jim Nwobodo, ọmọ Amechi Awkunanaw, tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Anambra àtijọ́ láti 1979 sí 1983. Nwobodo: ọmọ ìlú. Ó jẹ́ ẹ dé Ìbàdàn, ó jẹ́ ẹ dé ilé ìjọba. Michael Okpara tó jókòó ní Enugu gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba Ẹkùn Ìlà-oòrùn láti 1959 sí 1966, àkọ́bí ọkùnrin ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò ga, kò sì ń fọ́nnu. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀ràn kejì tí a gbọ́dọ̀ dá lẹ́jọ́ ni bí a ṣe ń kọ ọ́. Òyìnbó kò rí lẹ́tà fún ọ, ó fi “aw” rọ́pò rẹ̀, Ọka di Awka, orúkọ Awkunanaw sì gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dọ̀ wa, Ọ̀fà di Offa, Èbúté Mẹ́ta di Ebute Metta. A lè foríjì wọ́n, àjèjì ni wọ́n. Ta ni yóò foríji àwa? Yorùbá ló kọ́kọ́ tẹ ìwé álífábẹ́ẹ̀tì Ìgbò jáde, ní 1857: Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún yẹn náà ni òun àti John Christopher Taylor, tí àwọn òbí Ìgbò bí ní Sierra Leone, dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Onitsha. Nígbà tí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, Àjàyí, ọmọ tó dojú délẹ̀ wáyé, kò kúrò lára rẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè tó ní irú baba bẹ́ẹ̀ kò ní àwáwí bó bá ń kọ orúkọ ara rẹ̀ láìsí àmì. Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá ti ṣe ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá láti 2003. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé òmíràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Fóònù tó wà lápò wa ń kọ ọ, ó ń kọ ṣ, ó ń kọ ụ.

Nítorí náà, a ní kí àwọn olórí ìjọ, láti orí àga ìwàásù wọn, sọ ọ́ gbangba pé orúkọ ìdílé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n sì bá àwọn tó ń fi ìran rírí jẹun lórí rẹ̀ wí. A ní kí àjọ ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè àti iléeṣẹ́ ìwé ìrìnnà ṣètò kọ̀ǹpútà wọn kó lè gba àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, kí Amaechi lè yan èyí tó fẹ́ jẹ́ nínú méjèèjì. A ní kí olùkọ́ tó bá gbọ́ Mgbeke gẹ́gẹ́ bí èébú nínú kíláàsì dá iṣẹ́ dúró, kó sọ ohun tó túmọ̀ sí. Ilé iṣẹ́ tiwa náà kò ní yọ ara rẹ̀ sílẹ̀: láti ìtẹ̀jáde yìí lọ, a ó máa bi ẹni tí a bá ń kọ̀wé nípa rẹ̀ bó ṣe ń pe orúkọ rẹ̀, bóyá Yorùbá ni tàbí Ìgbò, a ó sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ.

Ìdílé sì wà tó ti pinnu láti yí tirẹ̀, tó ti gba ìwé ìbúra, tó ń múra àtisanwó ìpolówó. Kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ kan péré. Kí wọ́n lọ bá àgbà tó dàgbà jù nínú ilé, kí ọmọ kan tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ inú fóònù rẹ̀, kí wọ́n bi àgbà náà pé: ta ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí nínú wa, ọjọ́ wo ni wọ́n bí i, kí ló sì ṣẹlẹ̀ nínú ilé lọ́jọ́ náà?